Ìyẹ́ Òsì Bàálù Mi

Ṣíbí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n gbé ìrẹsì ka iwájú mi, mo fi ọwọ́ òsì bu díẹ̀, mo gbé e dé ẹnu, ni gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ bá pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní, "Jésù, o ṣeun." Àbúrò mi obìnrin ń nu ojú. Èmi tí mo ti ń dá oúnjẹ jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú! Mo gbé ṣíbí náà kalẹ̀, mi ò sì jẹun mọ́. Wọ́n ní oúnjẹ ni kò wù mí, pé bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ṣe máa ń ṣe ènìyàn.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ni. Ní kíláàsì ló ti kọlù mí, ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, mi ò sì lè dìde mọ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi padà bọ̀ sípò, ẹnu mi tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan sì tọ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ká mọ́ mi láyà bí apá adìyẹ tí wọ́n ti sè. Bí ẹ bá na àwọn ìka rẹ̀, wọ́n á tún ká padà.

Bí mo bá ní ọwọ́ náà ló dùn mí jù, irọ́ ni mo pa. Ìyìn ló dùn mí. Láti ọjọ́ ìrẹsì yẹn, kò sí ohun tí mo ṣe tí kò dára. Mo wọ bàtà, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́. Mo fi ọwọ́ òsì ya ilé kan sójú pátákó, òrùlé rẹ̀ dà sí ìta bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ọ̀gá ilé ìwé wa ní àwòrán náà wú òun lórí. Àwọn ọmọ kíláàsì tí wọ́n máa ń bá mi jiyàn lórí máàkì, tí mo sì fẹ́ràn wọn nítorí ìyẹn, wọ́n dákẹ́. Ohun tí mo ń gbọ́ nínú gbogbo ìyìn náà kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ti yọ mí kúrò nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Mo sì pinnu pé mi ò ní gbà.

Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń ṣe bàálù ogun. Kí ẹ má bàa rò pé àìsàn ti mú mi lórí: àwọn kékeré ni, tó ṣeé gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó wà lókè òkun máa ń ra tiwọn nínú páálí, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ á ti pé síbẹ̀. Àwa ò rí i rà, nígbà tó sì pẹ́, a ò wá a mọ́. Pákó tó rọ̀ ni a fi ń gbẹ́ ara rẹ̀, inú imọ̀ ògùrọ̀ tó fúyẹ́ ni a fi ń ṣe ìyẹ́, ike omi la fi ń ṣe gíláàsì ojú rẹ̀, sílípáàsì tó ti já la fi ń gé táyà. A ó fi sáńpépà họ ọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà la ó kùn ún lọ́dà. Káfíńtà kan ni olórí wa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la sì máa ń pàdé sí ní ọ̀sán Sátidé, ní abẹ́ òkè, nítòsí ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí. Obìnrin kan wà pẹ̀lú wa tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Èmùré. Ẹnì kan ń gẹ irun, ẹnì kan ń tún fóònù ṣe. Ìyàwó mi máa ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ wa ń ra ilẹ̀, àwa ń ra sáńpépà.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé lọ́dọọdún, a ó mú kókó kan, gbogbo wa ó sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Lọ́dún kan, bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi ni. Lọ́dún mìíràn, àwọn tí ìyẹ́ wọn jẹ́ méjì méjì lórí ara wọn. Olúkúlùkù á mú ọ̀kan nínú wọn, a ó sì jọ lo ìwọ̀n kan náà: ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lára bàálù gidi, íǹṣì kan péré ni lára tiwa. Nípa báyìí, bí a bá tò wọ́n sórí tábìlì, èyí tó tóbi á tóbi, èyí tó kéré á kéré, kò ní sí ẹni tó máa fẹ tirẹ̀ bíi bàlúùnù. Lópin ọdún la máa ń kó wọn jáde fún aráyé wò.

Òfin kan ṣoṣo la ní tí a kì í fi ṣeré: ọwọ́ rẹ ni kó ṣe tìrẹ. Káfíńtà ló fi òfin náà lélẹ̀. Ẹnì kan nínú wa nígbà kan gbé tirẹ̀ lọ fún agbẹ́gilére kan ní Àgbàdo, ó gbé bàálù tó rẹwà padà wá, ó sì ń yan káàkiri. Àṣírí tú. Káfíńtà ní kó gbé e kúrò lórí tábìlì òun, ọ̀gbẹ́ni náà sì bínú lọ títí di òní.

Nígbà tí ara mi tó yá tí mo lè rìn dé ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ti mú kókó ọdún náà: bàálù tí àwọn ológun òfúrufú ilẹ̀ tiwa ti fò rí. Wọ́n ń pín in. Obìnrin tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ti mú èyí tó ń kó ẹrù, tó ní ẹ̀rọ mẹ́rin níwájú ìyẹ́. Wọ́n dìde fún mi, wọ́n gbé àga tó ní tìmùtìmù wá, a kí ara wa. Lẹ́yìn náà ni Káfíńtà ní, "Tíṣà, ìwọ jókòó tì wá, kí o máa bá wa dá sí i. Màá ṣe tìrẹ pọ̀ mọ́ tèmi. A ó kọ orúkọ rẹ sí i lára."

Mo wo ojú rẹ̀. Òun tó ṣe òfin, òun ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí mi, ó sì rò pé oore ni.

Mo ní, "Ta ló kú, tí ẹ ń pín iṣẹ́ rẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n ka èyí tó kù fún mi. Hẹlikọ́pítà kan kù, ó sì ku bàálù jẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó jẹ́ ìjókòó méjì, tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó sì wà lókè èjìká rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ó máa ń kọjá lórí oko bàbá mi. Kí ènìyàn tó gbójú sókè, ó ti lọ, ariwo rẹ̀ nìkan ni yóò máa yí lórí kòkó. Mo ní èmi mú jẹ́ẹ̀tì.

Káfíńtà ní, "Tíṣà, ìyẹ́ yẹn fẹ́lẹ́ o. Mú hẹlikọ́pítà, ó rọrùn díẹ̀."

"Ẹ fún ẹni tó bá rẹ̀ ní hẹlikọ́pítà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó iṣẹ́ náà lé ara mi lórí. Ìgbéraga wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń lé. Bí mo bá fi lè ṣe bàálù náà parí fúnra mi, kí n gbé e kalẹ̀ láàárín tiwọn, èmi náà tún di ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Bí mi ò bá lè ṣe é, àga onítìmùtìmù ni temi títí ayé.

Mo gbé tábìlì kan sí ẹ̀yìnkùlé wa, lábẹ́ igi máńgòrò, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ òsì mi kò lọ ilé ìwé rárá. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò ṣe ju kó gbá nǹkan mú kí ọ̀tún fi ráyè ṣiṣẹ́. Mo fún un ní ọ̀bẹ, ó gé ibi tí mi ò ní kó gé. Ara bàálù àkọ́kọ́ dà bí ilá tó ti gbó. Èkejì ní imú tó wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń ṣe àdàkàdekè. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ni mo máa ń gbé lé pákó kó má bàa sá. Iṣẹ́ òkúta ló ń ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó máa ń na iṣan apá mi ní ilé ìwòsàn fún mi ní bọ́ọ̀lù kékeré kan láti máa fún. Mo máa ń fún un, inú á sì bí mi, nítorí kò sí ohun tí bọ́ọ̀lù náà máa dà lẹ́yìn tí mo bá fún un tán.

Mo fi ẹ̀kẹta han ìyàwó mi. Ó ní, "Ó dára o."

Mo ní, "Kí ló dára nínú rẹ̀?"

Ó wò ó, ó yí i po. "Gbogbo rẹ̀ náà ni."

Mo sọ ọ́ sórí ààtàn lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ti sú òun, pé bí òun bá yìn mí, ìjà, bí òun bá dákẹ́, ìjà. Òótọ́ ló sọ. Mo mú pákó mìíràn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló jọ nǹkan gidi. Mo ń fá a díẹ̀díẹ̀, mi ò kánjú, mo ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo ń fá a. Nígbà tí mo fi máa ṣe ìrù rẹ̀, òjò ti ń dínkù, ara mi sì ti ń mọ iṣẹ́ náà. Mo ṣe ìrù náà, mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì láìtíì họ ọ́, mo lọ sí ilé ìwé. Mo dé, mo bá a tó ń dán. Ìyàwó mi wà ní kíṣìnnì, ó ń kọrin ìsìn, orin náà sì ti pọ̀ jù. Mo fọwọ́ pa ìrù náà. Wọ́n ti fi sáńpépà gba ìbú pákó, wọn ò tẹ̀ lé bí igi náà ṣe ń lọ. Ẹni tó máa ń fi kànìnkànìn fọ ìkòkò ló máa ń họ nǹkan báyẹn.

Mo pè é. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo họ ọ́?"

"Mo kàn ní kí n ràn yín lọ́wọ́ ni, Dádì. Kékeré ni mo họ."

Mo ṣẹ́ ìrù náà sí méjì. Ó dun èmi náà, nítorí ìrù tó dáa ni. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ bí ẹni ń gbé e fún àlejò. Nígbà tó tún la ẹnu, ohun tó sọ ni pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ burú?" Mo ní mo mọ̀. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí ó ṣe rò lọ. Mo gbẹ́ ìrù mìíràn.

Bí kòkó ṣe gbó, a lọ sí Ìsẹ̀, sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi, nítorí lásìkò bẹ́ẹ̀ gbogbo ọmọ ilé náà ló máa ń padà lọ ràn án lọ́wọ́. Mo gbé bàálù mi dání. Mo ti kùn ún tán, ewé àti erùpẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, ó kù kí ọ̀dà náà gbẹ, oòrùn Ìsẹ̀ sì dáa. Níwájú ilé màmá, wọ́n ti tẹ́ tapólì ńlá sílẹ̀, wọ́n sì sá kòkó sórí rẹ̀. Kò sí ibi tó gbóná tó etí tapólì yẹn. Mo rọra gbé bàálù mi kalẹ̀ síbẹ̀, mo sì jókòó sábẹ́ ìbòòji, mo ń ṣọ́ ewúrẹ́.

Ewúrẹ́ ni mo ń ṣọ́! Ẹni tí kò bá gbé nínú ilé oníkòkó rí lè má mọ àṣìṣe tí mo ṣe, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n, wọ́n bí mi sínú rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohunkóhun. Ẹni tó ń jẹun á sọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ á jáde pẹ̀lú ọṣẹ lára. Wọ́n á gbá etí tapólì mú yíká, wọ́n á ká a sáàárín, wọ́n á sì fà á wọlé pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Òjò dé láìkéde. Atẹ́gùn kan fẹ́ láti ìhà Èmùré, ojú ọjọ́ ṣú, màmá sì pariwo láti ẹ̀yìn ilé: "Kòkó o! Òjò ti dé ulẹ̀ o!" Gbogbo ilé tú jáde. Èmi náà dìde. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò ronú. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé etí tapólì, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá a mú, mo sì fà á pẹ̀lú wọn. Mo gbọ́ tí nǹkan kan sọ pé kẹ́! láàárín kòkó.

Mo kígbe, "Bàálù mi!"

Ìyàwó mi náà kígbe, "Dádì, ọwọ́ yín! Ọwọ́ yín!"

"Bàálù mi wà níbẹ̀!"

"Ẹ wo ọwọ́ yín!"

Màmá ní, "Ẹ kó kòkó wọ ulé ná, kí ẹ tó máa jà!"

Mo wo ọwọ́ mi. Ọ̀tún ló di tapólì mú. Ó dì í mú gírígírí, àwọn ìka náà wọ inú rẹ̀ bí èékánná ológbò. A fà á dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn jọ̀wọ́ tapólì, èmi nìkan ni mo ṣì dúró sójú òjò, nítorí ọwọ́ náà kọ̀, kò jọ̀wọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin ilé ìwòsàn yẹn ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí ọwọ́ náà bá máa jí, yóò kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dì mú kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú sílẹ̀. Ìyàwó mi ló wá bá mi níbẹ̀, ó ń tú àwọn ìka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òjò ń lù wá, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo inú kòkó.

Ìyẹ́ òsì ti já kúrò. Imú ti fọ́, gíláàsì ojú ti wọlé. Kòkó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, ó sì ń rùn bí ọtí kíkan. Mo jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e lé itan, ẹkún sì gbọ̀n mí. Gbogbo ilé ń yọ̀ nítorí ọwọ́ mi, wọ́n ń dá orin, mo sì ń sunkún nítorí pákó. Màmá jókòó tì mí. Ó wo bàálù náà, ó wo èmi. Kò sọ pé ó dára. Ó ní, "Ó ti bàjẹ́. Tún un ṣe." Ó dìde, ó lọ wo kòkó rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ìkẹ́rẹ́, Káfíńtà wá kí mi. Ìròyìn ti dé etí rẹ̀. Ó gbé bàálù náà yẹ̀ wò, ó ní, "Tíṣà, o ti gbìyànjú. Ọjọ́ ti súnmọ́lé. Gbé e wá bó ṣe wà yẹn, kò sẹ́ni tí kò ní yé." Ohùn rẹ̀ rọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ gbá a létí. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sídìí tábìlì.

Imú kò ṣòro, mo gbẹ́ òmíràn. Gíláàsì kò ṣòro. Ìyẹ́ ni wàhálà. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ èjìká bàálù náà níbi tó tín-ín-rín, gúlù tí a ń lò sì ń pẹ́ kó tó mú. Bí nǹkan kan kò bá há a títí yóò fi gbẹ, yóò ṣí. Ọwọ́ òsì mi ń gbọ̀n bí mo bá pẹ́ lórí nǹkan. Mo so ó ní okùn, okùn náà yọ̀. Mo gbé ìwé lé e, ìyẹ́ náà tẹ̀. Ó ṣí, mo họ gúlù kúrò, mo tún fi òmíràn sí i, ó tún ṣí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń tú ìka mi kúrò lára ife tí mo mú, ó ní, "Ọwọ́ yìí, ohun tó bá ti mú, ó mú un nìyẹn." Mo sọ fún un kó dúró. Mo gbé ọwọ́ náà lọ sídìí tábìlì.

Mo fi gúlù sí i. Mo fi ọwọ́ òsì to ìyẹ́ náà sí ojú ibi tó yẹ. Mo wá la àwọn ìka ọ̀tún, mo ki gbogbo rẹ̀ bọ àárín wọn, ìyẹ́ àti èjìká bàálù, mo sì jẹ́ kí wọ́n padé. Wọ́n padé. Mo jókòó. Ìyàwó mi gbé omi wá, ó fi sí mi lẹ́nu, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ń dùn mí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń dùn mí dé èjìká, mo sì jókòó síbẹ̀ títí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò fi ń wọlé. Nígbà tí mo tú u, ìyẹ́ náà kò mì. Ó wọ́ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí ìka kì í ṣe irin, ṣùgbọ́n kò mì.

Gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Èmùré la kó wọn lọ lọ́dún náà. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Wọ́n wá wò wá dáadáa, àwọn olùkọ́, àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko, àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń fò. Temi wà láàárín hẹlikọ́pítà àti èyí tó ń kó ẹrù. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, agbádá mi bo ọwọ́ mi. Alàgbà tó ń darí ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tọ́ka sí mi, ó ní, "Ẹ wo ohun tí ẹni tí Ọlọ́run gbà lọ́wọ́ ikú ṣe! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún bàbá wa!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn ò tilẹ̀ wo bàálù náà kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Mo rò ó pé gbogbo wàhálà yìí, orí àga onítìmùtìmù náà ni mo ṣì wà.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, a ti ilẹ̀kùn. Ó ti di àṣà wa pé kí a tó kó bàálù sínú páálí, a ó yí tábìlì ká, a ó sì máa sọ àléébù iṣẹ́ ara wa láìfi ọ̀rọ̀ pa mọ́. A kì í sọ èyí tó dára níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó ń kó ẹrù: ẹ̀rọ kan ga ju èkejì lọ. Wọ́n dé orí hẹlikọ́pítà, ẹni tó ṣe é sì bínú, ó ní wọn ò mọ nǹkan kan. Ó wá kan temi.

Obìnrin tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní, "Ní ti ẹ̀gbọ́n wa, ọpẹ́ la máa dú."

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ti ń na ọwọ́ sí páálí. Mo ti pinnu nínú ara mi pé bí wọ́n bá fi lè fo temi kọjá, màá gbé e lọ sílé, mi ò sì ní padà wá mọ́.

Káfíńtà ló kù. Ó gbé bàálù mi, ó fi àtàǹpàkò ti ìyẹ́ òsì wò, ó tún tì í. Ó ní, "Ta ló bá ọ di ìyẹ́ yìí mú nígbà tí gúlù ń gbẹ?"

"Kò sẹ́ni."

"Tíṣà, má parọ́ fún mi. Nǹkan kan há a. Mo mọ gbogbo irin tó wà nílé rẹ, kò sí èyí tó lè há a."

Mo yọ ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ agbádá, mo gbé e lé orí tábìlì. Mo ní, "Fi ìka rẹ síbẹ̀." Ó wò mí. Ó fi ìka sí i. Ọwọ́ náà pa dé. Ó fà á, kò jáde. Ó tún fà á, ẹ̀rín pa àwọn tó kù, Káfíńtà náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní olè, ó ní kí n tú òun sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi tú u. Ó ń fọwọ́ ra ìka náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo bàálù náà. Lẹ́yìn náà ó yọ awò ojú rẹ̀ lápò, ó wọ̀ ọ́, ó sì gbé bàálù mi lọ sójú fèrèsé.

Ó ní, "Tíṣà, ìyẹ́ yìí wọ́."

Mo ní mo mọ̀.

"O mọ̀, o sì gbé e wá. Imú yìí gùn jù. Kí ni eléyìí lára ọ̀dà?"

"Èèpo kòkó ni."

"Ṣé kòkó ni wọ́n ń fi kun bàálù ogun ní Ìkẹ́rẹ́? Táyà ẹ̀yìn kéré sí ti iwájú."

Mo ní táyà kò kéré, pé ojú rẹ̀ ni. Ó ní ojú òun kò ṣe nǹkan kan, kí n gbé rúlà wá. Obìnrin Èmùré ti dìde, ó ní bí a bá ń sọ òótọ́, gíláàsì ojú rẹ̀ kò jókòó dáadáa, ó ti ń dun òun láti àárọ̀. Ẹni tó ń gẹ irun ní ìrù náà dúró bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, èmi náà ń pariwo padà, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì. Inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n ń kì ní oríkì.

Ó pẹ́ kí Káfíńtà tó gbé bàálù náà kalẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní òun ti parí. Mo ní kó padà sórí ìyẹ́ òsì, kò tíì bá mi sọ ọ́ tán.